Ibi Tí Ìyá Sarat Ti Tún Ìrìn Kọ́

Ìṣísẹ̀ mọ́kàndínlógún ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí Bẹ̀llò ń gbé ní Sabon Gari, àdúgbò àwọn àlejò nílẹ̀ Hausa. Hassanat ìyàwó rẹ̀ ló kà á.

Láràárọ̀, obìnrin náà á fi ọwọ́ ọ̀tún di ògiri mú, á máa wọ́ ẹsẹ̀ òsì. Bí ó bá dé ẹnu ọ̀nà, á yí padà. Sítóòfù àwọn ayálégbé wà lápá kan, kẹ́ẹ̀gì omi wà lápá kejì. Ẹni tí ara rẹ̀ dá pàápàá, ẹ̀gbẹ́ ló fi ń kọjá níbẹ̀.

Oṣù kan ṣáájú, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ẹnu Hassanat wọ́ sápá kan. Ife bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ̀llò kò dúró gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó gbé e sínú kẹ̀kẹ́, ó di ilé ìwòsàn. Àwọn dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló fa rọpárọsẹ̀ náà, wọ́n sì ní bí ó ṣe tètè gbé e dé ló kó o yọ. Ọ̀rọ̀ padà sí i lẹ́nu, àmọ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ń jáde. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ òsì ni kò tí ì gbọ́ràn.

Ní ọjọ́ Àtìní kan, ẹnìkan fọ ìrẹsì lọ́dẹ̀dẹ̀, omi rẹ̀ wà nílẹ̀. Ẹsẹ̀ Hassanat yọ̀, ó ṣubú. Kò ké. Bẹ̀llò gbọ́ ìró rẹ̀ láti ìdí máṣíìnì ìránṣọ, ó sì mọ ohun tó jẹ́.

Egungun kankan kò ṣẹ́. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, obìnrin náà kò rìn mọ́. Ó jókòó sórí ibùsùn, ó kọjú sí ògiri.

Iredọlá wá wò ó ní Àlàmísì. Ọmọ olùkọ́ fásitì kan ní Samaru ni, ilé ìwòsàn tí wọ́n ti tọ́jú Hassanat ló ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kọ́ ẹni tí àìsàn gba ìrìn lọ́wọ́ rẹ̀ bí yóò ṣe tún rìn. Dókítà ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ó ti sọ títí pé òun kì í ṣe dókítà. Ó ti rẹ̀ ẹ́.

“Ìyá, ṣé ẹ ń rìn?”

Hassanat mi orí.

“Níbo ni wọ́n ti ń rìn tẹ́lẹ̀, Bàbá?”

Bẹ̀llò fi ẹnu júwe ọ̀dẹ̀dẹ̀. Iredọlá wo kẹ́ẹ̀gì, ó wo sítóòfù. Ó jáde síta, Bẹ̀llò tẹ̀ lé e. Gọ́tà ṣí sílẹ̀ lápá méjèèjì ọ̀nà. Ọ̀kadà kan kọjá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

“Bàbá, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ yìí ni ẹsẹ̀ máa ń gbọ́ràn jù. A ti lo ju oṣù kan lọ nínú rẹ̀. Bí a bá jẹ́ kí ìyókù lọ báyìí, iṣan á le, ìrìn á wá ṣòro láti dá padà. Ilẹ̀ tó tẹ́jú ni wọ́n nílò. Ibi tí ìbòòji wà, tí ọkọ̀ kò sí.”

“Kò sí irú ibẹ̀ ládùúgbò yìí, Dókítà.”

“Ọgbà ìjọba tó wà lẹ́yìn ojú irin ńkọ́? Kẹ̀kẹ́ á gbé yín débẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.”

Bẹ̀llò gbé ojú sí ìhà ojú irin.

Kò sí ẹni tí kò mọ ọgbà náà ní Sabon Gari. Lambu ni wọ́n ń pè é. Ògiri rẹ̀ ga, orí igi nìkan ni ará ìta ń rí. Láràárọ̀, bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, lékeléke á gbéra lórí àwọn igi náà, funfun báláú, wọn á gba òkè Sabon Gari kọjá. Wọ́n pọ̀ ju kíkà lọ. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí Bẹ̀llò ti ń wò wọ́n. Bí wọ́n bá ń kọjá, á dá máṣíìnì dúró. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí.

Jàmíù, tó ń tún máṣíìnì ṣe lójúlé kejì, ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀. Kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ kí ó má dá sí i.

“Dókítà, Lambu kì í ṣe tiwa. Ti àwọn ọlọ́kọ̀ ni.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Wọn kì í sọ irú ẹ̀. A kàn mọ̀ ọ́n ni.”

“Wọ́n ti dá mi padà níbẹ̀ rí,” ni Bẹ̀llò wí.

Ó ti tó ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Sarat, àkọ́bí rẹ̀ tó ti wà nílé ọkọ báyìí ní Ìlọrin, kò ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ nígbà náà. Bẹ̀llò fà á lọ́wọ́ lọ́jọ́ ọdún iléyá, kí ọmọ náà lè rí ibi tí lékeléke ń sùn. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà bi í pé, “Ina za ka?” Níbo lò ń lọ?

“Kí lẹ sọ fún un?”

“Mo ní, ‘Ba komai.’ Kò sí nǹkan. A yí padà. Sarat sunkún délé.”

“Ṣé ó ní kí ẹ má wọlé ni?”

“Kò sọ nǹkan mìíràn.”

“Bàbá, kò dá yín padà nìyẹn.”

“Dókítà, ẹni tí wọ́n bá bi níbi tó ń lọ ti mọ̀ pé wọn ò retí òun.” Bẹ̀llò wo ilẹ̀. “Ìlọrin ni bàbá mi ti wá síbí. Ohun tó kọ́ wa ni pé àlejò kì í bi onílé léèrè yàrá. Ibi tí wọ́n bá na ọwọ́ sí, ibẹ̀ ni kí o jókòó. Jẹ́jẹ́ la fi pẹ́ nílùú yìí.”

Iredọlá ro ọ̀rọ̀ náà.

“Ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti ń lọ sáré níbẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Kò sí ẹni tó bi mí ní nǹkan kan rí.”

“Kí lẹ máa ń gbé lọ?” ni Jàmíù bi í.

“Mọ́tò mi.”

Jàmíù rẹ́rìn-ín. “Ẹ ò rí nǹkan. Mọ́tò yín ló ń bá yín dáhùn.”

Iredọlá wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gbé báàgì rẹ̀. “Lọ́la, n kò ní gbé mọ́tò. Ẹsẹ̀ ni gbogbo wa á fi wọlé.”

Bẹ̀llò wọlé láti sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kí ó má da ara rẹ̀ láàmú, àwọn kò ní lọ ibì kankan. Kò tí ì lanu tó fi rí i pé Hassanat ti yí ojú kúrò lára ògiri. Fèrèsé ṣí sílẹ̀. Ó ti gbọ́.

“Lékeléke,” ni Hassanat wí.

Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Àmọ́ ẹni tó ti fi ọdún mọ́kànlélógójì bá obìnrin gbé mọ ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ kan. Hassanat náà ti ń wò wọ́n láti ọjọ́ tó ti dé gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, láti ìdí àwo tó ń fọ̀. Ẹ̀yìn ilé ló ń dúró sí wò wọ́n, Bẹ̀llò ń wò wọ́n níwájú ilé. Kò sí èyí tó sọ fún èkejì.

Bẹ̀llò lọ wá ọ̀pá ìtilẹ̀ ìyàwó rẹ̀ lábẹ́ ibùsùn.

Ní àárọ̀ Jímọ̀, kẹ̀kẹ́ já àwọn mẹ́ta sílẹ̀ níwájú Lambu. Ṣéènì kan dábùú ẹnu ọ̀nà. Ọkùnrin kan jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n da ojú rẹ̀ dé. Umar lorúkọ rẹ̀, òun ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà báyìí.

Jíìpù kan dé. Umar dìde, ó sọ ṣéènì kalẹ̀, ó gbé ọwọ́ kí wọn. Kò béèrè nǹkan kan. Bí jíìpù náà ti ń kọjá, Bẹ̀llò rí ọkùnrin tó jókòó sẹ́yìn, ó sì rí ọrùn bàbàrìgá tó wọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ òun ni. Oṣù kan gbáko ló fi ṣe ọnà ọrùn náà. Aṣọ tó rán ti wọ ọgbà yìí, òun tó rán an wà níta.

Umar gbé ṣéènì padà. Ìgbà náà ló tó rí wọn.

“Ina za ku?”

Iredọlá wo Umar. Kò gbọ́ ìbéèrè yẹn níbẹ̀ rí. Bẹ̀llò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti fa ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, “Ba komai” ti wà lórí ahọ́n rẹ̀.

“Ciki,” ni Hassanat wí.

Inú. Ohun tó sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Umar wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo ọ̀pá. “To. Bismillah.” Ó dára, ẹ máa wọlé. Ó tú ṣéènì, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ tì í sápá kan kí ó má baà gbé ìyá náà ṣubú.

Bẹ̀llò dúró gbagidi. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ọ̀rọ̀ kan péré ni kò sọ.

Wọ́n wọlé.

Ohun tó kọ́kọ́ kí wọn ni afẹ́fẹ́. Ó tutù, ó ń rùn bí ewé tútù. Lẹ́yìn náà ni ìdákẹ́jẹ́. Ariwo ọ̀kadà kú sẹ́yìn wọn bí ẹni pé wọ́n fi ọwọ́ bò ó. Igi ọ̀gánwó tò lápá méjèèjì ọ̀nà, ìdí ọ̀kan wọn ju ohun tí ọkùnrin mẹ́ta lè fi ọwọ́ gbá mọ́ra. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń jò láti àárín ewé wá sílẹ̀, ó ń mì. Níwájú pátápátá, omi kan tẹ́ sílẹ̀, ojú ọ̀run wà nínú rẹ̀ lódidi.

Bẹ̀llò bọ́ fìlà. Kò mọ ìgbà tó bọ́ ọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ bàtà.

“Sùbùhánálláàhì,” ló wí.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú kẹ̀kẹ́. Ibi yìí ti wà níbí ní gbogbo ọjọ́ tó ń fi ojú wá abẹ́rẹ́ nínú yàrá tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò tó. Ó ti wà níbí nígbà tí Sarat sunkún.

Hassanat ti ń lọ. Iredọlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò dì í mú. “Ọ̀pá. Ẹsẹ̀ òsì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ẹ má kánjú, Ìyá, kò sí ẹni tó ń lé wa.” Ó rìn dé ìdí igi àkọ́kọ́. Ó gbé ọwọ́ òsì sókè, ọwọ́ tó ti wà lórí itan láti oṣù kan, ó fi kan èèpo igi náà. Ó wòkè títí.

“Ó ga,” ló wí.

Ìṣísẹ̀ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni. Bẹ̀llò ló kà á lọ́tẹ̀ yìí.

Ó fẹ́ jókòó, àmọ́ kò sí ìjókòó nítòsí. Gbogbo bẹ́ǹṣì wà lọ́hùn-ún, níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Umar ló gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ wá, ó fi aṣọ nù ún, ó ní kí Ìyá jókòó.

Bẹ̀llò fi Hausa bi í pé, “Ṣé a lè tún wá lọ́la?”

“Kí ló dé tí ẹ ò fi ní lè wá, Baba? Ti gbogbo ènìyàn ni.”

“Kí ló wá dé tí o fi ń bi ẹni tó fẹsẹ̀ rìn, tí o kì í bi ọlọ́kọ̀?”

Umar ronú. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. “Bí mo bá bi ọlọ́kọ̀, á bínú. Bí mo bá bi ẹni tó fẹsẹ̀ rìn, á yí padà. Èmi sì ń rò pé ṣe ló fẹ́ kọjá lọ. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí mo ti wà níbí. Ìyá yìí lẹni àkọ́kọ́ tó wí fún mi pé inú lòun ń lọ.”

“Ìwọ ńkọ́? Ṣé o ti kó àwọn ọmọ rẹ wá rí?”

“Èmi?” ni Umar wí. Ó wo ṣéènì.

Iredọlá ti lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Òdòdó ti bo pátákó kan níbẹ̀. Ó fi ọwọ́ ká a kúrò. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi kọ ọ́. Ó kà á fún wọn: ọgbà yìí wà fún gbogbo ènìyàn, láti aago mẹ́fà àárọ̀ di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. A kì í gba owó. Ẹnu ọ̀nà àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn wà lápá òsì.

Wọ́n wo apá òsì. Ilẹ̀kùn irin kékeré kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, yanrìn dí ìdí rẹ̀, àgádágodo rẹ̀ ti dípẹtà. Umar ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà ní ọ́fíìsì, bí wọ́n kò bá tí ì sọ ọ́ nù.

“Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó yìí,” ni Iredọlá wí. “Inú mọ́tò ni mo wà.”

Ó jókòó sórí gbòǹgbò igi. “Bàbá, a ó kọ ìwé. A kò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun tó wà lórí pátákó la ó ní kí wọ́n ṣe. Kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ẹlẹ́sẹ̀. Kí wọ́n gbé bẹ́ǹṣì sábẹ́ igi fún ẹni tí kò lágbára. Kí wọ́n fi Hausa kọ pátákó náà pẹ̀lú. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa gbé e lọ. Bí ó bá jẹ́ èmi, wọ́n á ní dókítà kan ló ń ṣe wàhálà.”

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Bẹ̀llò gbé ìwé náà kiri Sabon Gari. Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Ìlọrin, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Ọ̀yọ́, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn Hausa àti Íbò tí wọ́n jọ ń gbé. Jàmíù rí i, ó di ẹ̀rín.

“Bẹ̀llò, ìwọ tí o kì í lè béèrè ṣéńjì lọ́wọ́ ọlọ́kadà. Ìwọ lo wá ń gbéwèé lọ bá ìjọba?”

“Fọwọ́ sí i.”

“Bí wọ́n bá ní kí ni tiwa nínú ẹ̀ ńkọ́?”

“Fọwọ́ sí i, Jàmíù. Oṣù kan ààbọ̀ ló kù fún ẹsẹ̀ Ìyá Sarat.”

Jàmíù fọwọ́ sí i. Orúkọ mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ló wà lórí ìwé náà.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Bẹ̀llò dé ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọgbà náà. Lẹ́ẹ̀mejì àkọ́kọ́, kò bá ẹnikẹ́ni lórí ìjókòó. Lẹ́ẹ̀kẹta, akọ̀wé kan gba ìwé náà, ó wò ó lókè lódò.

“Baba, ta lẹ ń ṣojú fún?”

“Àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn.”

Akọ̀wé náà gbé ojú sókè wò ó. Ó lu òǹtẹ̀ lórí ìwé, ó sì lu ọ̀kan lórí ẹ̀dà tí Bẹ̀llò mú dání, nítorí Iredọlá ti ní kí ó má kúrò níbẹ̀ láìgba ẹ̀dà.

Wọn kò dúró de èsì. Ojoojúmọ́ ni Hassanat ń lọ sí Lambu. Igi kan lónìí, igi méjì lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, á jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì Umar. Ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, kò jẹ iyọ̀ púpọ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ń gùn sí i bí ìrìn rẹ̀ ti ń gùn sí i.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, wọ́n bá ilẹ̀kùn kékeré ní ṣíṣí. Wọ́n ti kó yanrìn kúrò. Bẹ́ǹṣì kan wà lábẹ́ igi kẹta. Ẹyọ kan ni, pátákó Hausa kò tí ì dé. Bẹ̀llò ṣì ń lọ béèrè rẹ̀.

Aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n gba ilẹ̀kùn yẹn wọlé. Ilẹ̀ kò tí ì là tán. Hassanat kọjá igi kẹta, kò jókòó. Ó kọjá igi kẹfà. Bẹ̀llò ń bọ̀ lẹ́yìn, ó ń mí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó gbé omi kíkún. Hassanat dé etí omi. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ méjèèjì.

Ìgbà náà ni lékeléke gbéra.

Orí wọn gan-an ni wọ́n gbà kọjá. Gbogbo òkè di funfun. Láti Sabon Gari, ènìyàn ń rí wọn ni, kì í gbọ́ wọn. Bẹ̀llò kò mọ̀ títí di àárọ̀ yẹn pé ìyẹ́ wọn ń dún. Ó dún bí òjò tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ó kọjá, ó sì parẹ́ sí ìhà ibi tí ilé wọn wà. Ìyẹ́ kan ṣoṣo já bọ́ sójú omi, ó ń yípo díẹ̀díẹ̀.

“Bàbá Sarat,” ni Hassanat wí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì jáde lódidi, “ṣé ibi tí wọ́n ti ń wá nìyí?”

“Ibẹ̀ ni.”

Bí wọ́n ti ń jáde, wọ́n pàdé Umar lẹ́nu ilẹ̀kùn kékeré. Kò wọ aṣọ iṣẹ́. Ó fa àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré méjì lọ́wọ́, wọ́n fi tìróò sójú bí ọjọ́ ọdún. Hassanat fi ọ̀pá dábùú ọ̀nà.

“Umar. Ina za ka?”

Umar rẹ́rìn-ín. Ojú ń tì í díẹ̀.

“Ciki,” ló wí.

Hassanat gbé ọ̀pá kúrò lọ́nà.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn yìí, ẹ mú èyí lọ sílé.

Bí ẹnu ẹnìkan bá wọ́, tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọṣẹ́ lójijì, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá. Bí ó bá padà sílé, ẹ má fi í sílẹ̀ sórí ibùsùn. Ẹ bi àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ bí yóò ṣe máa rìn, kí ẹ sì tètè bẹ̀rẹ̀.

Igi, ìbòòji, omi àti ilẹ̀ tó tẹ́jú kì í ṣe ohun fàájì fún olówó nìkan. Ara tálákà nílò wọn jù, nítorí kò ní wọn nílé. Bí ọgbà ìjọba bá wà nílùú yín, ẹ lọ wo òfin rẹ̀. Bí ẹ kò bá lè kà á, ẹ wá ẹni tó máa kà á fún yín. Bí wọ́n bá ní kí ẹ sanwó, ẹ ní kí wọ́n fi ibi tí a ti kọ ọ́ hàn yín, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Bí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ bá dí, ẹ kó ara yín jọ, ẹ kọ ìwé, ẹ gba ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀. Bí ẹ bá wọlé, ẹ má da ìdọ̀tí síbẹ̀.

Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, ẹ fẹsẹ̀ rìn wọbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ ó rí ohun tí ẹ kò rí rí.

Bí wọ́n bá sì bi ọ́ níbi tí ò ń lọ, má yí padà. Dáhùn.